Bí a ṣe ń kó ẹgbẹ́ lọ wo ẹní híhun ní etí ọ̀sà Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ kan ṣoṣo

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ kan á dáwó jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù pé àwọn fẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń hun ẹní, apẹ̀rẹ̀ àti ìgèrè tí wọ́n fi ń pẹja ní abúlé etídò. Aago 6:00 ni wọ́n dá, aago 8:30 ni bọ́ọ̀sì gbéra. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ wọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, oòrùn ti ga. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gúnlẹ̀, ìyá tó yẹ kó hun ẹní lójú wọn ti gbé ọjà rẹ̀ lọ. Wọ́n á ya fọ́tò lórí ẹní tó ti parí, wọ́n á jẹ ẹja, afẹ́fẹ́ ọ̀sán á ti máa ru omi sókè, wọ́n á wá máa pe Ọlọ́run padà sí èbúté nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Owó ti tán, kò sì sẹ́ni tó rí bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹní.

Ọlọ́kọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Lójú tèmi, ètò náà ti dàrú láti ìgbà tó ti jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Ẹní kan kì í parí láàárín ọjọ́ kan. Gígé wà níbẹ̀, lílà wà níbẹ̀, sísá sóòrùn wà níbẹ̀, kí híhun tó kàn. Ẹ̀yin rèé, wákàtí mélòó kan péré lẹ ní. Àfi kí oníṣẹ́ ọwọ́ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ dè yín ní ìpele-ìpele kí ẹ tó dé. Nítorí náà, oníṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ọjọ́, aago, ọkọ̀ àti owó á tẹ̀ lé e.

Ẹni tó ń kó èèyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ nínú mọ́tò, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ gba orí ọ̀sà Lẹ́kí lọ sí Iwopin tàbí ọ̀kan nínú àwọn abúlé kéékèèké tó wà létí omi lápá ibẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Rẹ́mọ á fi ìrìn dé Ìjẹ̀bú-Òde kún un.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ọmọ bíbí etídò kan tó máa ṣáájú yín. Ẹni tó kàn gbọ́ èdè ibẹ̀ kò tó. Ẹni tí wọ́n mọ ìdílé rẹ̀ ni kó jẹ́.
- Ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí a ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún èèyàn kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọdé bá wà láàárín yín, tọmọdé ni kí ẹ wá fún un, torí ti àgbà á bọ́ gba orí rẹ̀.
- Ìwé tí orúkọ gbogbo èrò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tí a lè pè nílé wọn. Ẹ̀dà méjì.
- Owó tútù, kéékèèké ni kó pọ̀ nínú rẹ̀.
- Ọ̀rá ńlá tí kò ní ihò àti okùn, fún ẹní àti fóònù.
- Omi inú ọ̀rá, oúnjẹ àárọ̀ tí kò ní da ọbẹ̀ sílẹ̀, fìlà tàbí gèlè ìbòòrùn, sálúbàtà tó ṣeé tètè bọ́.
- Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, pẹ̀lú oògùn èébì fún ẹni tí ìgbì omi máa ń yí nínú.
- Ohun ìkíni fún Baálẹ̀. Ẹ bi ọmọ bíbí ibẹ̀ ohun tó tọ́. Ibì kan obì àti ọtí ni, ibòmíràn ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló dára jù nítorí pé ilé àlùfáà tàbí ilé alájì lẹ ń wọ̀.

Bàtà gíga, aṣọ funfun gbòò àti ẹ̀rọ orin ńlá, ẹ fi sílé.

1. Ẹ rí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣáájú

Ẹ rán èèyàn kan tàbí méjì lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Fóònù nìkan kò tó ní ìgbà àkọ́kọ́. Orí fóònù ni gbogbo èèyàn ti máa ń ní "ẹ máa bọ̀, kò sí wàhálà".

Kì í ṣe gbogbo abúlé etídò ló ń hun ẹní, kì í sì í ṣe gbogbo ilé tó wà nínú abúlé tó ń hun ún. Àwọn mìíràn ẹja ni tiwọn, àwọn mìíràn àwọ̀n títúnṣe, àwọn mìíràn ọkọ̀ kíkàn. Ẹni tí ẹ rán ni kó rí i fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́: koríko tí wọ́n sá wà ní àgbàlá, ẹní tí kò tíì parí wà nílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹní tí wọ́n ká jọ fún títà nìkan ló rí, kó bèèrè ẹni tó hun ún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ abúlé kejì ni.

Bó bá ti rí ìyá náà, nǹkan márùn-ún ni kó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀ dè yín: koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tó ṣì tutù, èyí tí wọ́n ti là tí wọ́n sá sóòrùn, èyí tí wọ́n ti pa láró, ẹní kan tó dé ìdajì, àti ọ̀kan tó ti parí, tí etí rẹ̀ ti di dídì. Nǹkan márùn-ún yìí ló máa jẹ́ kí wákàtí méjì ààbọ̀ yín fi ohun tó gba ìyá náà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ hàn yín. Bí alápẹ̀rẹ̀ bá wà nítòsí, ohun kan náà ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́: ọwọ́ ìmọ̀ ọ̀pẹ tútù, èyí tí wọ́n ti là sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ti fi ọ̀bẹ há dán, ìdí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti dá, àti apẹ̀rẹ̀ tó ti parí.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* wọ́n á ní kí ìyá oníṣẹ́ jókòó dè wọ́n, wọn ò sì ní sọ owó kankan. Ọjọ́ tó fi jókòó dè yín, kò lọ sọ́jà, kò lọ sóko, kò gé koríko. Owó ìjókòó rẹ̀ yàtọ̀ sí owó ọjà tí ẹ máa rà. Ẹ sọ ọ́ ní iye, ẹ san ìdajì sílẹ̀.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ má sọ ọjọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ẹ ní kó ka nǹkan tó máa fi sílẹ̀. Bí ó bá sọ pé "ẹ ṣáà máa bọ̀", iṣẹ́ ìpele kìíní kò tíì parí.

2. Ẹ mú ọjọ́

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ọ̀nà máa ń gbẹ jù. Òjò máa ń pọ̀ láti oṣù kẹrin lọ, ó máa ń le jù ní oṣù kẹfà, ó máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì máa ń padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ìgbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń parí ni kí ẹ sọ́ra fún jù, nítorí ìjì òjijì ló máa ń bá a rìn: ojú ọ̀run á dúdú láti ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ á dé ṣáájú òjò. Ní ìgbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, kùrukùru lè bo omi láàárọ̀. Bí ẹ kò bá rí etí ọ̀sà kejì tàbí òpó tó wà lójú ọ̀nà ọkọ̀, ẹ jókòó títí yóò fi ká.

Ẹ wá wo kàlẹ́ńdà ilé pẹ̀lú. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sí mọ́tò tó máa kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde bó ṣe wù ú lọ́jọ́ náà. Nígbà ọdún Àgẹ̀mọ, tí àwọn Àgẹ̀mọ mẹ́rìndínlógún bá ń lọ sí Ìmọ̀ṣàn, obìnrin kò gbọ́dọ̀ pàdé wọn lọ́nà. Bí obìnrin bá wà nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ bèèrè dáadáa ọ̀nà tó ṣí àti ọjọ́ tó ṣí. Bákan náà ni ti Orò. Ẹ má ṣe gbára lé ohun tí ẹnì kan kọ sórí WhatsApp lọ́dún tó kọjá. Sátidé ni òde ìnáwó ń pọ̀ jù ní gbogbo Ìjẹ̀bú, ẹ sì mọ̀ wá: bí aṣọ ẹbí bá ti délẹ̀, ìdajì ẹgbẹ́ yín ò ní yọjú. Ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ló dára jù, bí ọjọ́ iṣẹ́ yín bá gbà.

Kí ó má ṣe jẹ́ ọjọ́ ọjà abúlé náà. Lóòótọ́, ọjọ́ ọjà lẹ máa rí ọjà púpọ̀ rà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ráyè fi iṣẹ́ hàn yín.

Ẹ fi ètò kejì sápò fún ọjọ́ tí omi bá kọ̀. Tèmi ni pé kí ẹ dúró sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ lórí òfì ìnàró. Òfì yìí dúró gbọọrọ ni, ahunṣọ jókòó kọjú sí i, aṣọ tó sì ń jáde lórí rẹ̀ fẹ̀ ju tinrín-tinrín tí àwọn ọkùnrin ń hun lórí òfì tiwọn lọ. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí aṣọ olónà: ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́ àti ejò tí wọ́n fi òwú hun sára aṣọ, láìsí pé abẹ́rẹ́ kàn án. Ẹ bèèrè ìtàgbé pẹ̀lú, èyí tí àwọn àgbà Òṣùgbó (Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú) ń fi sí èjìká, tó ní ṣẹ́ṣẹ́ òwú létí. Àwọn náà nílò ìpè ṣáájú. Ẹni tó ń hun aṣọ kì í dá iṣẹ́ dúró torí pé òjò lé àlejò wá.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ọmọ bíbí etídò, ìyá oníṣẹ́ àti ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ ọjọ́ kan náà láìjẹ́ pé ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ètò kejì sì ní orúkọ ẹni àti nọ́ńbà fóònù.

3. Ẹ ka aago láti ìrọ̀lẹ́ wá sí àárọ̀

Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò láti ìgbà tí wọ́n máa gbéra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ padà. Lápá ọ̀dọ̀ wa, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago 6:25 sí 7:10 ní ìrọ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí oṣù bá ṣe rí. Àjọ NIWA tó ń mójú tó ojú omi kò fọwọ́ sí kí ọkọ̀ èrò máa rìn lóru. Afẹ́fẹ́ láti òkun sì máa ń le sí i lọ́sàn-án, ìgbì á ga ju ti àárọ̀ lọ. Nítorí náà, aago 4:00 ni kí ẹsẹ̀ yín ti wà lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́.

Ẹ bi ọlọ́kọ̀ bí ìrìn orí omi ṣe máa pẹ́ tó, kí ẹ sì fi ìdajì rẹ̀ kún un. Bó bá ní wákàtí kan, ẹ kọ wákàtí kan ààbọ̀. Ó di:

- 4:00 – Ẹ ti dé èbúté Ẹ̀pẹ́
- 2:30 – ọkọ̀ gbéra ní abúlé
- 2:00 – ọjà rírà parí, ẹrù ń wọ ọkọ̀
- 1:00 – ọjà rírà bẹ̀rẹ̀
- 12:15 – oúnjẹ
- 9:45 – wíwo iṣẹ́
- 9:15 – ìkíni lọ́dọ̀ Baálẹ̀
- 7:45 – ọkọ̀ gbéra ní Ẹ̀pẹ́
- 7:15 – ẹ dé èbúté
- 6:00 – bọ́ọ̀sì gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde

Bí ọlọ́kọ̀ bá sọ wákàtí tó ju ìyẹn lọ, inú oúnjẹ àti ọjà ni kí ẹ ti gé e, kì í ṣe inú wíwo iṣẹ́. Bí kò bá ṣeé gé mọ́, abúlé náà jìnnà jù fún ọjọ́ kan. Ẹ mú èyí tó sún mọ́.

Aago 5:30 ni kí ẹ sọ fún èrò. Ẹni tó bá dé ní 6:05, bọ́ọ̀sì ti lọ. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìkéde, kí ẹ sì ṣe é bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ alága ẹgbẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bínú.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi àtẹ yìí han ọlọ́kọ̀ àti ìyá oníṣẹ́. Bí ẹnì kan nínú wọn bá rẹ́rìn-ín, ẹ bèèrè ohun tó ń rín.

4. Ọkọ̀ ojú omi

Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó, lójú ọ̀sán. Ọkọ̀ onípákó lè dára, ọkọ̀ fáíbà lè burú. Ojú ni ẹ máa lò.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi díẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ onípákó kì í ṣe ọ̀ràn, bí igbá ìgbọ́nmi bá wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ kan gbọ́dọ̀ máa gbọ́n ọ́n láìdúró kí ẹ tilẹ̀ tó gbéra, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì: kó tan án lójú yín, kó pa á, kó tún tan án. Ẹ bèèrè pọ́lọ́ọ̀gì tó wà nípamọ́, epo tó tó àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú àlékún, àti àjẹ̀ méjì. Ọlọ́kọ̀ tó ní òun kò nílò àjẹ̀ nítorí pé òun ní ẹ́ńjìnnì kò tíì rí gbéborùn rí.

Gbéborùn, koríko tó ń léfòó tó sì lè bo omi pátápátá yẹn, ló ń dá ọkọ̀ dúró jù lápá ibẹ̀. Bó bá wé mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì, ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ pa á, kó gbé e sókè, kó fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Èrò kankan kò gbọ́dọ̀ na ọwọ́ síta láti ràn án lọ́wọ́. Ẹ bi í bóyá ó ní ọ̀bẹ. Ẹ sì bi í ọ̀nà tó máa gbà bí gbéborùn bá dí ọ̀nà tó mọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "omi yẹn ò jìn" tàn yín láti má wọ ẹ̀wù ìléfòó. Òótọ́ ni pé ibi púpọ̀ nínú ọ̀sà Lẹ́kí kò tó mítà 3, ibi tó jìn jù sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 6.4. Ṣùgbọ́n mítà 3 á bo ọkùnrin gíga mọ́lẹ̀ títí dórí ọwọ́ tó nà sókè. Gbogbo ojú ọ̀sà náà lápapọ̀ sì tó nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 247. Ẹni tó bá ṣubú láàárín rẹ̀ kò ní fẹsẹ̀ rìn dé etí.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe:* ẹ́ sanwó fún ọkọ̀ èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wá jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ gbé èèyàn mẹ́ta mìíràn "tó kàn ń lọ sí ìtòsí ibẹ̀". Ẹrù ìpadàbọ̀ yín ti wà nínú ìṣirò náà. Odindi ọkọ̀ ni kí ẹ háyà, kí ẹ sọ pé kò sí èrò mìíràn ní àlọ àti ní àbọ̀, kí ẹ sì fi ìdajì owó pamọ́ títí ẹ ó fi padà dé Ẹ̀pẹ́. Ìdí mìíràn wà fún ìyẹn: ọlọ́kọ̀ tó ti gba gbogbo owó lè fi yín sílẹ̀ lọ gbé èrò ọjà.

Ẹ̀pẹ́ wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, Iwopin sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ bèèrè ṣáájú ẹni tó ń san owó èbúté ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀yin ni tàbí ọlọ́kọ̀.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ẹ̀wù ìléfòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa okùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ti ìdè rẹ̀ pa kó dún. Èyí tí fóòmù inú rẹ̀ ti rọ̀ jọ sí ìsàlẹ̀ kò wúlò.

5. Owó

Ẹ pín in sí ọ̀nà: mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi, owó èbúté, ìkíni, owó ìjókòó oníṣẹ́, oúnjẹ, ìdá kan nínú márùn-ún fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Owó ọjà kò sí nínú rẹ̀. Ti ara oníkálukú nìyẹn. Kí gbogbo èèyàn ti gba owó tútù láti ilé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì létídò lè ṣe bó ṣe wù ú, P.O.S. tó wà níbẹ̀ sì lè máà ní owó lọ́wọ́. Kò sóhun tó ń fi àkókò ṣòfò tó ẹni tó na owó ńlá kan sí ìyá àgbà láti ra apẹ̀rẹ̀ kékeré.

6. Ní èbúté

Ẹ ka èrò nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ fún dírẹ́bà tó máa dúró dè yín ní ẹ̀dà kan ìwé orúkọ, kó mọ aago tí ẹ máa padà àti ẹni tó máa pè bí ẹ kò bá dé. Lápá Èkó, 767 tàbí 112 ni ìpè pàjáwìrì. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó lórí ilẹ̀, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Ẹ dè é lé orí gbogbo aṣọ tí ẹ wọ̀, kí agbádá máà wà lókè rẹ̀.

Ẹ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí àwọn tó wúwo má sí ní apá kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dìde ya fọ́tò. Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n máa ya á nígbà tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, wọ́n á gbọ́.

Bí ojú ọjọ́ bá rí bákan, ẹ̀yin tí ẹ kó èrò ni kí ẹ pinnu pẹ̀lú ọlọ́kọ̀, ẹ má fi dìbò. Èrò tó ti sanwó á fẹ́ lọ ṣáá. Ètò kejì ti wà nílẹ̀.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* iye tó wà nínú ọkọ̀ bá iye tó wà nínú ìwé mu. Ẹ kà á sókè.

7. Ìgúnlẹ̀ àti ìkíni

Ọmọ bíbí ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ilé Baálẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ tààrà, kí ẹ má tíì dúró lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń ta nǹkan. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ẹ má ṣe dúró gbagidi bí ẹni tó wá gba ìwé owó orí. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá, ohun tí ẹ wá ṣe, ilé tí ẹ máa wọ̀, aago tí ẹ máa lọ. Ẹ bi wọ́n ibi tí àlejò kì í dé, ẹ sì bi wọ́n bóyá ohun kan wà nínú omi tàbí létí omi tí a kì í ya ní fọ́tò. Ẹ gba ìdáhùn bó bá ṣe rí, ẹ má bèèrè ìdí.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ ti dìde. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró jẹun, ẹ dúpẹ́, ẹ ní ẹ máa padà wá dágbére kí ẹ tó lọ.

8. Wíwo iṣẹ́

Ibi tí ìrìn-àjò yìí wà nìyí. Ẹ kí ìyá oníṣẹ́ "ẹ kú iṣẹ́", ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó sún mọ́ ẹní, ẹ má sì fẹsẹ̀ dá a kọjá, ì báà jẹ́ ìdajì rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ẹ jókòó sísàlẹ̀ bíi tiẹ̀. Bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá dúró yí i ká, ẹ ti dí ìmọ́lẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́, ẹ ti dí afẹ́fẹ́ tó fi ń mí. Ẹ pín ara yín sí méjì: ìdajì lọ́dọ̀ ahunní, ìdajì lọ́dọ̀ alápẹ̀rẹ̀ tàbí ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ pààrọ̀.

Ẹ tẹ̀ lé nǹkan márùn-ún náà bí wọ́n ṣe tò ó. Ní ti koríko tútù, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ní ti èyí tí wọ́n sá, ẹ bèèrè bó ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ tó: bó bá gbẹ jù, á ṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́, bí kò bá gbẹ tó, ẹní á sún kì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti hun ún, àlàfo á yọ láàárín rẹ̀. Ìbéèrè yìí nìkan lè gba ogún ìṣẹ́jú, ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀. Nígbà tó bá dé ibi àwọ̀, ẹ bi í bóyá èyí tí wọ́n rà lọ́jà ni tàbí èyí tí wọ́n fi ewé tàbí igi pò. Méjèèjì ni iṣẹ́. Ẹ má fi ojú kéré èyí tí wọ́n rà.

Nígbà tí ó bá ń hun, ẹ wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé koríko, òsì ló ń dì í mú kó má tú, kó sì fún. Àwọn àlejò á máa wo ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n á wá gbìyànjú fúnra wọn, ẹní á tú. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì péré gbìyànjú, lórí ègé tí ìyá bá yàn, kì í ṣe lórí ẹní tó fẹ́ tà.

Bí atúnwọ̀n bá wà níbẹ̀, ẹ bèèrè ègé pákó kékeré tó ń fi wọn ojú àwọ̀n. Òun ló ń pinnu ẹja tó máa bọ́ àti èyí tí kò ní bọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀ pé irinṣẹ́ ni. Bákan náà ni ìgèrè: ẹ na ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀ kí ẹ mọ bó ṣe rọrùn láti wọlé, kí ẹ sì gbìyànjú láti fà á jáde lòdì sí àwọn igi wẹ́wẹ́ tó dojú kọ inú.

Fọ́tò: ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà, kì í ṣe lọ́wọ́ amọ̀nà yín. Ẹ ya iṣẹ́ ju ojú lọ. Ẹ̀yin tó ń ṣe fídíò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ẹ má gbé fóònù sókè rárá.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ẹ tó dìde, ẹ ní kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ṣàlàyé bí ẹní ṣe ń bẹ̀rẹ̀ títí dé etí dídì, kí ìyá oníṣẹ́ máa tún un ṣe. Bí ìyá bá ń rẹ́rìn-ín tó sì ń tún ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ṣe, ẹ ti rí ohun tí ẹ wá rí. Bó bá ní kí ẹ jókòó padà, ẹ jókòó.

9. Rírà

Ẹ sọ fún èrò kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀: iye tí wọ́n bá dá lé ẹní lójú oníṣẹ́ kì í ṣe iye tí wọ́n ń dá lé e lọ́jà. Ẹ lè nájà, ìyá náà retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iye ọjọ́ tó gbà, tó wá dá ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀, ó bu ìyá náà kù. Kí ẹnì kan ṣoṣo kọ́kọ́ bèèrè iye ohun kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo yín gbọ́, kí ó má di pé ẹni kẹta ń fi iye ẹni kìíní lu ẹni kejì.

Bí ẹ ṣe máa yẹ ẹní wò: ẹ gbé e sókè kọjú sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá yọ lójú kan tó pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti dẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ yíká: kí ẹnu koríko ti wọ inú padà, kí ó máà yọ síta. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ nu ibi tó ní àwọ̀. Bí àwọ̀ bá bọ́ sára aṣọ, á bọ́ sára àlejò yín nílé. Ẹ ká a, ẹ má ṣe ṣẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: ẹní tó rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa á bu láìpẹ́.

Apẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹnu rẹ̀, kó padà sí bó ṣe wà. Àjẹ̀, ẹ wo ojú igi rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ojú igi bá ti dábùú ọrùn, ibẹ̀ ló ti máa ṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹní tó tóbi ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ, kó fi okùn wọn yàrá rẹ̀ láti ilé wá. Kó san àsansílẹ̀, kí ọjọ́ gbígbà ti wà, kí ọmọ bíbí ibẹ̀ sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ má ṣe sọ fún ìyá oníṣẹ́ pé ẹ máa bá a rí oníbàárà ní Èkó, àyàfi bí ẹ bá ti mọ orúkọ oníbàárà náà.

Aago 2:00, ọjà ti parí. Ẹnì kan á máa pè yín "ẹ wo èyí", ẹ má wò ó.

10. Ìpadà

Ẹ padà sílé Baálẹ̀, ẹ dágbére. Ẹ san owó ìjókòó tó kù sí ìyá oníṣẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe nípasẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ fi ọ̀rá wé ẹní, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ ní àárín ọkọ̀, kí ohunkóhun má ga kọjá orókún èrò. Bí ẹrù bá pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹrù ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìrìn mìíràn. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó lórí ilẹ̀, ẹ ka èrò, ẹ gbéra.

Ìgbì ọ̀sán á fọ́n omi sára yín. Ìyẹn kì í ṣe ewu fúnra rẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá dín eré kù, ẹ jẹ́ kó dín in. Bó bá fẹ́ sáré láti fi han àwọn ọ̀dọ́, ẹni tó kó èrò ni kó sọ fún un pé ìdajì owó ṣì wà lápò òun.

Ní Ẹ̀pẹ́, ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó san owó ọkọ̀ tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja ní ọjà Olúwo kó ṣe é láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì di ẹja náà sínú ohun tí kò ní jò sórí ẹní ẹlòmíràn nínú bọ́ọ̀sì.

Nílé, ẹ tú ẹní sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Oòrùn líle á jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, inú ọ̀rá á jẹ́ kó bu. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ fi fọ́tò tí ẹ yà ránṣẹ́ sí ọmọ bíbí etídò, kó fi wọ́n han àwọn tí ẹ yà.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn ẹní, kó gbẹ láti etí kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyá oníṣẹ́, ẹ bi í bóyá ó máa gba ẹgbẹ́ mìíràn láti ọ̀dọ̀ yín. Bó bá bèèrè ọjọ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa kó àwọn tó kù lọ.